Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Nínú Sinimá Olórin

Sinimá olórin ni irú sinimá tí àwọn òṣèré inú rẹ̀ ń fi orin àti ijó gbé ìtàn wọn síwájú. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì ni èyí tí a ti bá òkú nílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́wọ́ pé ọwọ́ òun ni ó pa á, tí amòye kan wá ń fi ọ̀rọ̀ wá ará ilé àti àlejò lẹ́nu wò títí àṣírí yóò fi tú. Láti ìgbà tí sinimá ti ń fọhùn, èyíinì láti ọdún 1927 tí The Jazz Singer jáde ní Amẹ́ríkà, ni àwọn òǹwòran ti fẹ́ràn irú eré méjèèjì, tí àwọn tí ń fi sinimá ṣòwò sì ti rí owó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Síbẹ̀, nínú ọ̀kẹ́ àìmọye sinimá olórin tí a ti ṣe láti ìgbà náà wá, díẹ̀ kíún ni èyí tí a lè nawọ́ sí pé ojúlówó ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, tí orin rẹ̀ kò sì ba ìwádìí jẹ́, tí ìwádìí rẹ̀ kò sì pa orin lẹ́nu mọ́.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Nínú sinimá olórin, àdéhùn kan wà láàárín òṣèré àti òǹwòran tí ẹnikẹ́ni kì í sọ jáde, òun náà ni pé ohun tí ènìyàn bá fi ẹnu sọ lè jẹ́ irọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá dá nìkan kọ lórin, òtítọ́ inú rẹ̀ ni. Nígbà tí ọmọbìnrin bá dúró lójú fèrèsé lóru, tí ó ń kọrin pé òun kò lè gbàgbé ọkùnrin kan, a ti gbà á gbọ́ kí ó tó parí ẹsẹ kìn-ín-ní. Orí ìpamọ́ sì ni ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dúró lé. Apànìyàn ń pa ẹ̀ṣẹ̀ mọ́, aláìṣẹ̀ ń pa ìtìjú mọ́, ìyàwó ń pa àlè mọ́, ọmọ ń pa gbèsè mọ́, òǹkọ̀wé pàápàá sì ń pa ìdáhùn mọ́ fún wa títí di ìkẹyìn. Bí apànìyàn bá wá dìde láàárín ìtàn tí ó sì kọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀ lórin, ẹjọ́ ti parí nìyẹn, nítorí ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Bí ó bá sì jẹ́ irọ́ ni ó kọ, òǹwòran yóò sọ pé a rẹ́ òun jẹ, ẹ̀hónú rẹ̀ yóò sì tọ́. Ìṣòro kejì ni ti àkókò. Ohun kéékèèké ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi ń mú ọ̀daràn: ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, aago mélòó ni ajá gbó, èwo ni ife tí a kò fọ̀. Bí orin bá gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, tí àwọn oníjó ogún sì ti kọjá níwájú ẹni, ta ni yóò tún rántí ife?

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Stephen Sondheim, ọ̀gá àwọn ọ̀gá nínú eré olórin ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn àdììtú débi pé ó ṣe àdììtú ọ̀rọ̀ fún ìwé ìròyìn New York. Nígbà tí òun àti òṣèré Anthony Perkins jókòó láti kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún sinimá, The Last of Sheila ni wọ́n kọ, Herbert Ross sì darí rẹ̀ ní ọdún 1973: ọlọ́rọ̀ kan tí mọ́tò pa ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì fi eré àdììtú dẹ wọ́n. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó kọrin láti tú ọkàn rẹ̀. Nígbà tí Sondheim sì fẹ́ kọ orin lé ìpànìyàn lórí, nínú Sweeney Todd tí ó jáde lórí ìtàgé ní ọdún 1979, tí Tim Burton sọ di sinimá ní ọdún 2007, kò bò ó mọ́lẹ̀ rárá: Todd tí ó jẹ́ onígbàjámọ̀ pa àwọn oníbàárà rẹ̀ níṣojú wa, a sì mọ ìdí tí ó fi ń pa wọ́n. Ẹni tí ó mọ orin tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì mọ àdììtú tó bẹ́ẹ̀, ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀nà yìí náà ni Chicago tọ̀, èyí tí ó wá láti inú eré tí akọ̀ròyìn Maurine Dallas Watkins kọ lẹ́yìn tí ó ti jókòó ti ẹjọ́ àwọn obìnrin apànìyàn ní ọdún 1924, tí sinimá rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́fà fún iṣẹ́ ọdún 2002. Sinimá tí ó dára ni, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti rí ìbọn lọ́wọ́ Roxie, akọni obìnrin inú rẹ̀. Ohun tí à ń dúró dè kò ju bóyá agbẹjọ́rò yóò gbà á sílẹ̀ lọ.

Àwọn kan gbìyànjú láti gba ẹ̀yìn ìtàgé wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé akọrin ni àwọn ènìyàn inú ìtàn, tí ó sì jẹ́ pé orí ìtàgé ni wọ́n ti ń kọrin, a jẹ́ pé iṣẹ́ oòjọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, orin wọn kì í ṣe ìjẹ́wọ́, àṣírí sì lè wà níbi tí ó wà. Murder at the Vanities, tí Mitchell Leisen darí fún ilé iṣẹ́ Paramount ní ọdún 1934, ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Lálẹ́ ọjọ́ tí eré ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ni ìpànìyàn ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ọlọ́pàá tí Victor McLaglen ṣe sì ń bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́. Ibì kan wà níbẹ̀ tí ó tó gbogbo sinimá náà í rà: àwọn oníjó dúró, orin ń dún, àfi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kán láti òkè sí ara ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn, orin àti òkú pàdé ojú kojú. Lẹ́yìn rẹ̀, olúkúlùkù padà sí ọ̀nà tirẹ̀, bí a bá sì yọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin náà kúrò, ìtàn yóò dúró láìmì. Àìlera ọ̀nà yìí nìyẹn: ó dáàbò bo àdììtú, ṣùgbọ́n ó sọ orin di àlejò.

Ilẹ̀ Íńdíà ni ọ̀rọ̀ náà ti lọ́ràá jù, nítorí pé níbẹ̀, sinimá tí kò ní orin ni ó ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ó ṣe pàtàkì láti sọ pé nígbà tí B. R. Chopra ṣe Kanoon ní ọdún 1960, tí àbúrò rẹ̀ Yash Chopra sì ṣe Ittefaq ní ọdún 1969, ìtàn ìpànìyàn ni méjèèjì, méjèèjì ni kò sì ní orin kan ṣoṣo. Wọ́n ti rí i pé orin yóò tú okùn tí wọ́n ń fà. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kò gbà, wọ́n sì wá ọgbọ́n tí àwọn ará Hollywood kò wá. Nínú Bees Saal Baad ti ọdún 1962 àti Woh Kaun Thi? ti ọdún 1964, orin ni ohun ìjà ọ̀daràn fúnra rẹ̀. Ohùn obìnrin kan ń ta láti inú òkùnkùn, Lata Mangeshkar olóhùn iyọ̀ ni ó ń kọ ọ́, ọkùnrin tí ó gbọ́ ọ dìde tẹ̀lé e láìmọ ibi tí ó ń lọ. Orin ní í ṣíwájú ọ̀tẹ̀, àwọn baba wa wí; nínú sinimá méjèèjì yìí, orin ni ọ̀tẹ̀ náà gan-an, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ọ̀daràn, kí ó kọ́kọ́ wádìí ẹni tí ń kọrin. Gumnaam ti ọdún 1965, tí a ṣe lórí ìtàn tí Agatha Christie kọ nípa àwọn ènìyàn mẹ́wàá tí ikú ń mú lọ́kọ̀ọ̀kan ní erékùṣù, lo ọgbọ́n yìí kan náà: àwọn àlejò wọ ilé ńlá kan, wọ́n ń gbọ́ orin, wọn kò rí olórin. Ní ti Teesri Manzil, tí Vijay Anand darí ní ọdún 1966, onílù òtẹ́ẹ̀lì ni akọni inú rẹ̀. Obìnrin kan ti já bọ́ láti àjà kẹta òtẹ́ẹ̀lì náà ó sì kú, àbúrò rẹ̀ sì wá gbẹ̀san lára onílù tí ó rò pé òun ni ó fà á. Ìlù tí R. D. Burman ṣe fún sinimá yìí le, ó sì gbóná, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe ju ìgbádùn lọ: bí ọkùnrin náà bá ṣe ń lu ìlù dáradára tó ni ó ń sún mọ́ ewu tó, nítorí pé ìlù náà ni yóò tú u fó lójú ẹni tí ń wá a.

Ní ilẹ̀ Faransé, François Ozon gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 2002, nínú 8 Femmes, tí ó mú láti inú eré orí ìtàgé Robert Thomas. Òjò dídì ti sé ilé kan ní ìgbèríko mọ́lé ní àsìkò Kérésìmesì, baálé ilé wà lórí ibùsùn pẹ̀lú ọ̀bẹ lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin mẹ́jọ ni ó sì wà nínú ilé. Olúkúlùkù wọn ni ó kọ orin kan, orin tí àwọn Faransé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lórí rédíò. Isabelle Huppert ni àǹtí tí kò lọ́kọ, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tí gbogbo ilé ti sú. Ó jókòó sí ìdí dùùrù, ó kọ orin ìfẹ́ tí kò rí ẹni sọ ọ́ fún, ojú rẹ̀ sì yí padà níṣojú wa. Níhìn-ín ni Ozon ti dá àwọn tí ó ní kò ṣe é ṣe lóhùn. Òtítọ́ ni gbogbo àwọn obìnrin náà ń kọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ tí à ń wá. Ìfẹ́ ni wọ́n ń jẹ́wọ́, àti owú, àti ìdánìkanwà, bí a sì ti ń mọ inú wọn sí i ni ìfura wa ń pọ̀ sí i, nítorí pé olúkúlùkù ti fi orin sọ ìdí tí òun ìbá fi pa ọkùnrin náà. A kò ní sọ bí ó ti parí, kí adùn rẹ̀ má baà bọ́ fún ẹni tí kò tíì wò ó. Danielle Darrieux àti Catherine Deneuve, tí wọ́n jẹ́ ìyá àti ọmọ níbẹ̀, ti jẹ́ ìyá àti ọmọ nínú Les Demoiselles de Rochefort tí Jacques Demy ṣe ní ọdún 1967, sinimá tí ó kún fún oòrùn àti ijó, ṣùgbọ́n tí apànìyàn kan jókòó jẹ́ẹ́ sí ìdí tábìlì oúnjẹ rẹ̀ láàárín àwọn ẹni ire.

Àwọn méjì mìíràn yẹ ní dídárúkọ. Nínú Jagga Jasoos ti ọdún 2017, akólòlò ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Ranbir Kapoor ṣe, orin nìkan ni ahọ́n rẹ̀ fi ń já geere, nítorí náà ó ń fi orin wádìí. Èrò náà dára ju owó tí ó pa lọ. London Road ti ọdún 2015 kò mú ìtàn àròsọ lò: a pa obìnrin márùn-ún ní ìlú Ipswich ní ọdún 2006, Alecky Blythe gba ọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò sílẹ̀, Adam Cork sì fi ọ̀rọ̀ náà gan-an ṣe orin, pẹ̀lú gbogbo ìkọ́sẹ̀ ẹnu inú rẹ̀. Kò sí apànìyàn nínú àwọn tí ń kọrin. Ìbẹ̀rù aládùúgbò fún aládùúgbò wà nínú orin náà, kí ọwọ́ tó ba ẹni tí ó ṣe é.

Lórí ìtàgé, ọ̀nà ti là ju bẹ́ẹ̀ lọ. Charles Dickens kú ní ọdún 1870 láìparí The Mystery of Edwin Drood. Rupert Holmes fi ṣe eré olórin ní ọdún 1985, ó sì jẹ́ kí àwọn òǹwòran dìbò lálaalẹ́ láti yan apànìyàn, eré náà sì gba ẹ̀bùn Tony márùn-ún. Nínú oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà ni sinimá Clue, tí kò ní orin, gbé ìparí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sí ilé sinimá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òǹwòran kò sì dá sí i tó bí wọ́n ti rò, nítorí pé sinimá kì í gbọ́ ohùn ẹni tí ń wò ó.

Ní tiwa, ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé a ń bèèrè bóyá orin àti ìpànìyàn lè gbé inú ìtàn kan. Nínú àlọ́ Yorùbá, bí ènìyàn bá pa ọmọ ẹlòmíràn ní kọ̀rọ̀, orin ni í tú u: ẹyẹ kan á bà lé orí igi, tàbí kí olú hù níbi tí a sin òkú sí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí kọrin dárúkọ ẹni tí ó ṣe é. Àwọn ará Jámánì náà ní irú rẹ̀ nínú ìtàn egungun olórin tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm kọ sílẹ̀. Ìdájọ́ wa ni pé sinimá olórin lè gba ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, bí a bá sọ orin di ẹ̀rí tàbí ìdẹkùn, tí a kò sọ ọ́ di ìsinmi láàárín ìbéèrè. Ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti Kọ́lá Akínlàdé, Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?, wà nílẹ̀, ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, Àjà Ló Lẹrù, wà nílẹ̀, ọ̀nà tí Hubert Ògúndé fi ń kọrin ṣe eré láti ọdún 1944 kò sì tíì parun. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ sinimá lọ́wọ́, ẹ dákun, ẹ dán an wò.