Ká Dá A Ṣe Ni, Tàbí Ká Gba Ènìyàn? Ohun tí Ìtàn Àwọn Bàbá Wa Kọ́ Wa

Ìbéèrè kan wà tí ẹ ń bi wá lemọ́lemọ́, a sì fẹ́ fi ìtàn dáhùn rẹ̀ lọ́dún yìí. Télọ̀ ń bi wá, mẹkáníìkì ń bi wá, ìyá tí ń ta aṣọ ń bi wá pé: "Alága, iṣẹ́ ti ń pọ̀ jù mí lọ. Ṣé kí n gba ènìyàn ni, tàbí kí n máa dá a ṣe lọ?"

Àwa kò lọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹnu àwọn àgbà, ìwé tí a fi owó ara wa rà, àti ìyà tí ó jẹ wá ni olùkọ́ wa. Ẹ bá wa fara balẹ̀ kà á.

Bí àwọn bàbá wa ṣe bẹ̀rẹ̀

Reluwé tí ó gbéra láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Ní 1911, ojú irin dé Kánò. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn wa ti ń rọ́ wá síbí: akọ̀wé, káfíńtà, télọ̀, àti oníṣòwò. Sábọ̀ngàrí, tí ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Haúsá ń jẹ́ ìlú titun, ni ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò láti gúúsù. Púpọ̀ nínú wọn dá wá, pẹ̀lú àpótí kan àti irinṣẹ́ ọwọ́ wọn. Nígbà tí iṣẹ́ bá gbòòrò, wọn á ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń ka ìwé yìí, ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni bàbá wa gbà dé ibí.

Ṣùgbọ́n gbígba ènìyàn sí iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ wa ṣáájú reluwé, kì í sì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí a wo mẹ́ta.

Èkínní ni ìwọ̀fà. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹni tí ó yá owó á lọ ṣiṣẹ́ fún olówó, tàbí kí ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Àmọ́ iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò dín gbèsè kù rárá: èlé ni iṣẹ́ náà dúró fún. Bí ó ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, iye tí wọ́n yá gan-an ni wọn yóò san kí ó tó kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ tí kò ní ọjọ́ òpin nìyẹn. Àwọn òyìnbó fi òfin dá a dúró lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí ó padà wá.

Èkejì ni ti àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń kiri aṣọ láwìn láti abúlé dé abúlé. Orúkọ yẹn wá láti inú ohun tí wọ́n ń sọ fún onígbèsè: wọn yóò lóṣòó síwájú ilé rẹ̀, wọn kò ní dìde títí yóò fi san owó wọn. Òṣómàáló tí ó bá ti ní ọjà díẹ̀ á mú ọmọ ẹbí rẹ̀ kan dání. Ọmọ náà á ru ẹrù, á mọ ọ̀nà, á mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè àti ìgbà ìkórè tí ó lè san án. Bí ó bá sìn ín tán, ọ̀gá á dá a sílẹ̀, á sì fún un ní ọjà tàbí owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Báyìí ni òwò náà ṣe tàn ká. Ọjọ́ ìdásílẹ̀ wà níwájú ọmọ náà, nítorí náà ó ń fi ọkàn ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni àáró àti ọ̀wẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ti gbàgbé. Nínú àáró, àgbẹ̀ kan á bá ẹnì kejì ṣiṣẹ́ lónìí, ẹnì kejì á san án padà lóko rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀wẹ̀ ni kí a pe ará àti ọ̀rẹ́ jọ fún iṣẹ́ ńlá, kí a sì fi oúnjẹ ṣe wọ́n lálejò. Olúkúlùkù ni ọ̀gá ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń san owó oṣù. Nítorí náà, láàárín kí a dá ṣe é àti kí a gba ènìyàn, àwọn bàbá wa mọ ọ̀nà àárín.

Ọ̀sẹ̀ méjì ní Gáná

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gáná kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀: ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Ṣakí, Èjìgbò, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí a gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọn kò yé sọ ọ́: ẹni tí ó ń dá ṣòwò, tí gbogbo àwìn rẹ̀ wà nínú orí rẹ̀ nìkan, kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe nínú ọjọ́ mẹ́rìnlá? Ṣé ọjà ni yóò tà, ṣé gbèsè ni yóò sìn, àbí àwọn ìyàwó àti ọmọ ni yóò kó sínú ọkọ̀? Ẹni tí ó ní àbúrò tàbí ọmọ iṣẹ́ tí ó mọ ìdí òwò lè pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà méjì. Àmọ́ ẹni tí ó ń fi ìyà jẹ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ta ni yóò gbé owó lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀?

Àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí. Bí a bá tilẹ̀ ń dá ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo, ó kéré tán, mọ ibi tí ìwé àwìn wa wà.

Ohun tí ojú àwa náà rí

Ní 1987 ni a dé Kánò, sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ń ta aṣọ ní Kwari. Wọ́n sọ fún bàbá wa pé a ó "sìn ín fún ìgbà díẹ̀". Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ọdún. Nígbà tí ó pé ọdún márùn-ún, wọ́n ní kí a ṣe sùúrù. Ó pé mẹ́fà, wọ́n ní ọjà kò dára. A bínú kúrò ní ọdún keje pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

A wá búra pé a kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe pọ̀ mọ́. Ọdún mẹ́wàá ni a fi dá tajà. Èrè wa, tiwa nìkan ni. Ìgbà tí àìsàn dá wa dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a tó mọ ohun tí à ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, oníbàárà lọ sí ìsọ̀ kejì, àwọn kan kò sì padà wá mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a mú ọmọkùnrin kan láti ilé. Ó já fáfá. A kò bá a ṣe àdéhùn kankan. A ní ọmọ wa ni. Ní ọdún kẹrin, ó lọ láìdágbére, ó sì lọ ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ láàárín àwọn oníbàárà wa. Gbogbo ọjà ni a ti ń pè é ní abaraámóorejẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ni ìyàwó wa béèrè pé: "Baálé mi, ọjọ́ wo lẹ sọ fún un pé yóò gba fírídọ̀mù?" A kò rí èsì fọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún wa ni a ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ. Àwa náà ti sọ ọ́ di ìwọ̀fà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀

Ẹ má fi ìgbà ọdún wọn iṣẹ́. Ká sọ pé télọ̀ kan ń jèrè 3,000 náírà lórí aṣọ kan, tí ó ń dá rán 48 lóṣù. Èrè rẹ̀ jẹ́ 144,000. Ó gba ènìyàn kan, àwọn méjèèjì rán 84, ó di 252,000. Ó san 70,000 owó oṣù, oúnjẹ àti epo jẹnẹrétọ̀ fi 18,000 kún un. Ó ku 164,000. Èrè fi 20,000 lé sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún Iléyá, aṣọ 30 péré ni ó wọlé. Bí ó bá dá wà, 90,000 ni yóò mú lọ sílé. Bí ó bá gba ènìyàn, 2,000 ni yóò kù fún un. Oṣù tí ọjà bá kú ni kí a fi ṣèpinnu, kì í ṣe oṣù ọdún. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń wọ́ jọ lásìkò ọdún nìkan, àáró ni kí ó bá télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá. Bí iṣẹ́ bá ń ṣẹ́ kù sílẹ̀ lóṣooṣù, títí kan oṣù tí ọjà kú, ìgbà yẹn ni àyè ènìyàn ṣí.

Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974 ní kí a fún ẹni tí a gbà ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Bí a bá fẹ́ dá a dúró, ẹni tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ, a ó sọ fún un ní ọjọ́ kan ṣáájú. Láti oṣù mẹ́ta títí di ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì títí di ọdún márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó bá tó ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan. Ọmọ tí ó ju ọdún 12 lọ tí kò tíì pé 16, tí òbí rẹ̀ fi sẹ́nu iṣẹ́, ọdún márùn-ún ni òpin tí òfin fún un, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba gbé dé 70,000 náírà ní 2024 kò de ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá gbà mọ iye yẹn, yóò sì fi wọn tiwa.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún

Ìdáhùn wa nìyí. Ẹni tí ó ń dá ṣiṣẹ́ kò ṣẹ̀, bí ó bá ní ẹni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn lọ́jọ́ àìsàn. Ẹni tí ó gba ènìyàn kò ṣẹ̀, bí ó bá mọ ọjọ́ tí ẹni náà yóò lọ àti ohun tí yóò mú lọ. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ ọjọ́ náà, kí ó má tíì gba ẹnikẹ́ni.

A ó gbé e síwájú ìpàdé gbogbogbòò pé kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ mú ọmọ wá láti ilé mú ìwé àdéhùn wá: iye ọdún, ohun tí ọ̀gá yóò fún un lọ́jọ́ fírídọ̀mù, àti ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ bí ìjà bá dé. Kí àgbà méjì nínú wa buwọ́ lù ú. Ọmọkùnrin tí ó sá lọ yẹn, a ti lọ bá a. A bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà. Ó ti di ọmọ ẹgbẹ́ yìí nísinsìnyí, òun ni ó sì kọ́kọ́ mú ìwé àdéhùn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá fún wa láti buwọ́ lù.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ má ṣe fi ọmọ ṣe ẹrú. Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa, kí a sì fi èrè délé. Àmín.

Alága ẹgbẹ́