Inú Agbo Orin Ni Ìgboyà Wà

Àwọn òbí tí a jọ ń ṣètò kíláàsì ọmọ ní ọjọ́ Sátidé á jẹ́rìí sí i: àwọn ọmọ wa mọ dùùrù tẹ̀, wọ́n ń yege nínú ìdánwò orin. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n bá ẹlòmíràn ṣeré láìsí ìwé níwájú wọn, ojora á mú wọn. Ìtàn orin wa ní ẹ̀kọ́ tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Láàárín àwọn Sàró ní Olówógbowó ni a bí Túndé King sí ní 1910. Ọmọ ilé ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní gìtá. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà a máa kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan, wọn á mu, wọn á tàkúrọ̀sọ, wọn á kọrin. Ẹni tí kò lè ta gìtá á gbe orin. Nínú irú agbo bẹ́ẹ̀ ni orin jùjú ti gbilẹ̀. Nígbà tó di 1936, ilé iṣẹ́ Parlophone ti ń gba orin Túndé King sínú àwo.

Àwọn ọmọ wa gbé àṣà yìí dání wá sí Ìlú Ọba. Èkó ni a ti bí Ambrose Adékọ̀yà Campbell ní 1919. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀, ṣe ló ń yọ́ lọ sí ibi tí àwọn ẹlẹ́mu ti ń ṣeré. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó bá ọkọ̀ òkun dé ìhín. Ní Lọ́ńdọ̀nù, òun àti Brewster Hughes ń ṣeré níbi àríyá àwọn ọ̀rẹ́, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ West African Rhythm Brothers ti bẹ̀rẹ̀. Ní May 8, 1945, ọjọ́ tí ogun parí ní Yúróòpù, wọ́n gbé ìlù àti gìtá sáàárín èrò ní Piccadilly Circus. Ní 1946, àwọn ni wọ́n ń lùlù fún ẹgbẹ́ oníjó Les Ballets Nègres. Láti 1952, wọ́n ń ṣeré ní kílọ́ọ̀bù Abalabi ní Soho, àwọn òyìnbó eléré jáàsì sì ń wá gbọ́ wọn níbẹ̀.

Fẹlá náà, tó wá sí Trinity College of Music ní 1958, kò fi ìwé nìkan ṣe é. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kóra jọ, wọ́n dá Koola Lobitos sílẹ̀.

Kí ló wà nínú agbo tí kò sí nínú ìwé? Orin wa ní lílé, ó ní ègbè. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè fara pamọ́ sínú ègbè títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀. Ọmọ Àyàn kì í ti orí ìyáàlù bẹ̀rẹ̀, omele ló kọ́kọ́ ń mú. Á di ìlù kan ṣoṣo náà mú, á sì máa fetí sí àwọn àgbà. Bí ó bá ṣì í lù, eré kò ní dúró. Á tún wọlé padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ń ṣe: ẹ̀gbẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yá.

Nítorí náà, níbi ìnáwó wa tó ń bọ̀, kí á tó tan ẹ̀rọ orin, ẹ jẹ́ kí á fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹni tó bá ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí agogo nílé, kó mú un wá. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ bá wọn gbe orin, ẹ má sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ṣì í. Bí àwo nìkan bá ń kọrin fún wa, ta ni yóò kọ ọ́ lẹ́yìn wa? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.