Òṣùwọ̀n Ìrìn Àgbá Ajábàálù Lójú Ogun

Nínú ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì, bí ọ̀rọ̀ bá ti kan àgbá ajábàálù, ìyẹn ìbọn ńlá tí wọ́n fi ń já ọkọ̀ òfurufú ogun lulẹ̀, èyí tí Jámánì ṣe, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 88, ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń yìn jù pé ó yá lẹ́sẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n lò kò pé. Eré tí àgbá ń bá ọkọ̀ sá lójú títì kọ́ ni ìrìn rẹ̀ lójú ogun, bí kò ṣe àkókò tí ó wà láàárín ìgbà tí ọkọ̀ tí ó ń fà á dúró àti ìgbà tí ọta àkọ́kọ́ jáde, àti irú ilẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ jókòó lé kí ọta náà tó lè ba ohun tí wọ́n yìn ín sí.

Òótọ́ ni pé àgbá Jámánì fúyẹ́ ju ti Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 3.7 lọ: ọ̀kan tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 7 lójú ọ̀nà, èkejì lé ní 9. Ọkọ̀ Sd.Kfz. 7, tí ó ní táyà níwájú, tí ó sì ń fi ẹ̀wọ̀n irin rìn lẹ́yìn, ni ó ń fà á, tí ó tún ń kó àwọn tí ń yìn ín àti ọta rẹ̀. Bí wọ́n bá dé ojú ìjà, wọn a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti orí kẹ̀kẹ́ méjì tí ó gbé e, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Wọn a na apá irin méjì tí wọ́n ká sókè sí ọ̀tún àti òsì, kí ìdí rẹ̀ lè dà bí àgbélébùú. Wọn a sì kan èèkàn irin mọ́ ọn kí ó má baà ta. Síbẹ̀, ní Halfaya, lẹ́bàá ààlà Íjíbítì àti Líbíà, níbi tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ní oṣù Kẹfà ọdún 1941, inú kòtò ni wọ́n rì í sí, tí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, tí ó ń dúró de ọkọ̀ ogun onírin àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣẹ́gun tí àgbá jókòó gbà kò lè jẹ́ ẹ̀rí ìrìn rẹ̀.

Bofors ti Swídìn, oní-mìlímítà 40, tí kò ju bíi tọ́ọ̀nù 2 lọ, tí wọ́n sì lè yìn lórí táyà rẹ̀ láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀, ni ìyìn yìí tọ́ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bàálù tí ń fò nílẹ̀ nìkan ni apá rẹ̀ ká.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba ní oṣù Keje ọdún 1944 ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Nígbà tí V-1, bọ́ǹbù oníyẹ̀ẹ́ Jámánì tí kò ní awakọ̀, ń rọ́ lu Lọ́ńdọ̀nù, láàárín ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n kó àwọn àgbá láti orí òkè gúúsù ìlú náà lọ sí etí òkun. Ojú ẹni tí ó gbà pé táyà ni ìrìn yóò wà lára àgbá íǹṣì 3.7 alágbèérìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ìyẹn, kò sì lè bá bọ́ǹbù tí ń fi eré fò nílẹ̀ yí dáadáa. Èyí tí wọ́n ti rì mọ́ kọnkéré, tí ẹ̀rọ ń yí, ni ó kájú rẹ̀. Ọ̀gágun Frederick Pile, tí ó ń darí àwọn àgbá ajábàálù Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi irin àti pákó ojú irin rélùwéè ṣe pèpéle tí wọ́n lè tẹ́ síbikíbi láìda kọnkéré, wọ́n sì gbé àgbá tí kò ní táyà kankan lé e lórí.