Àrokò Ìwúlé Nínú Ẹ̀dọ̀ Ọlọ́ràá Àwọn Alátọ̀gbẹ

Ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá ni ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti wọ inú ohun tó lé ní ìdá 5 nínú 100 àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ọtí àmupara lè fà á, ṣùgbọ́n èyí tí àyọkà yìí dá lé ni ti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, tí ẹ̀dọ̀ wọn ń lọ́ràá láìjẹ́ pé ọtí ló fà á. Àrùn méjèèjì kì í sábà jìnnà síra wọn. Àkójọ ìwádìí káàkiri ayé tí Zobair Younossi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2019 sọ pé nínú 100 irú alátọ̀gbẹ bẹ́ẹ̀, bíi 55 ló ní ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá. Àkójọ mìíràn tó jáde ní 2024 gbé e dé bíi 65. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ rárá, nítorí ẹ̀dọ̀ kì í tètè ké.

Ọ̀rá nìkan lè wà nínú ẹ̀dọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má pa ẹni tó ni ín lára. Ìwúlé ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ìyẹn wíwú àti gbígbóná tí ara máa ń ṣe nígbà tó bá rò pé ọ̀tá ti wọlé. Bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń fi àrokò ránṣẹ́ láìsọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ń tú purotéènì kéékèèké jáde, tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn á gbà, tí á sì mọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Lára alátọ̀gbẹ, àrokò ogun ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ tọ̀sán tòru, bẹ́ẹ̀ ogun kankan kò sí.

Ní 1980 ni Jurgen Ludwig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic, ní Rochester ìpínlẹ̀ Minnesota, ṣàpèjúwe àwọn aláìsàn 20 tí ẹ̀dọ̀ wọn rí gẹ́gẹ́ bíi ti ọ̀mùtí, àmọ́ tí wọn kì í ṣe ọ̀mùtí. Ọ̀pọ̀ wọn sanra, àwọn kan sì ní àtọ̀gbẹ. Kó tó di ìgbà náà, ojú òpùrọ́ ni àwọn dókítà sábà fi ń wo irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tó bá ní òun kì í mutí. Wọ́n wá pe àrùn náà ní mẹ́dọ̀wú ọlọ́ràá tí kì í ṣe ti ọtí. Orúkọ yìí ni wọ́n lò títí di oṣù kẹfà 2023, tí àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa ẹ̀dọ̀ fi kéde MASH gẹ́gẹ́ bí orúkọ tuntun, tó so àrùn náà mọ́ bí ara ṣe ń lo oúnjẹ. Èmi rò pé àyípadà yìí tọ́, nítorí orúkọ àkọ́kọ́ kàn sọ ohun tí kò fà á ni.

Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ dájú pé ìwúlé ti wọ ọ̀rọ̀ náà, abẹ́rẹ́ gígùn ni wọ́n fi ń yọ ẹ̀dọ̀ fín-ín-fín. Wọ́n á fi kẹ́míkà gbẹ omi inú rẹ̀, wọ́n á gé e pẹlẹbẹ, wọ́n á sì pa á láró. Kẹ́míkà yẹn á ti fọ ọ̀rá lọ, nítorí náà ihò funfun róbótó-róbótó la máa rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù, níbi tí ọ̀rá wà tẹ́lẹ̀. Láàrin àwọn ihò náà, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kan á wú, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun á sì yí i ká. Tí wọ́n bá lo aró tó ń gbé àpá yọ, fọ́nrán búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ á hàn tó wé mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Fọ́nrán yẹn ni dókítà ń bẹ̀rù jù, torí òun ló ń di ẹ̀dọ̀ líle lọ́jọ́ iwájú.

Ibo ni ọ̀rá náà ti ń wá? Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005 tọpa rẹ̀ lára àwọn tó ní àrùn náà: nǹkan bí ìdá 59 nínú 100 wá láti inú ọ̀rá ara tó tú sínú ẹ̀jẹ̀, ìdá 26 jẹ́ èyí tí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ fi ṣúgà ṣe, ìdá 15 péré ló wá tààrà láti inú ọ̀rá tí wọ́n jẹ. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ ínsúlíìnì ni láti dá ọ̀rá ara dúró sí àyè rẹ̀. Nígbà tí ara kò bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ọ̀rá á máa tú, ẹ̀dọ̀ á sì máa gbà á. Ẹni tó ń sá fún epo pupa àmọ́ tó ń mu mínírà lójoojúmọ́ kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Inú ọ̀rá ikùn ni àrokò àkọ́kọ́ ti sábà ń jáde. Ní 1993, Gökhan Hotamisligil àti Bruce Spiegelman ní Boston rí i pé ọ̀rá ara eku tó sanra ń tú purotéènì àrokò kan tí wọ́n ń pè ní TNF-alpha jáde, àti pé bí wọ́n bá mú un kúrò, ínsúlíìnì á tún ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìyanu ńlá ni, nítorí àpò ìkóǹkansí lásán ni wọ́n ka ọ̀rá sí tẹ́lẹ̀. Lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ikọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun tí wọ́n ń pè ní macrophage máa ń kún inú ọ̀rá ẹni tó sanra, àwọn ló sì ń tú púpọ̀ nínú TNF-alpha náà. Adiponectin, àrokò ọ̀rá mìíràn tó máa ń pẹ̀tù sí ìwúlé, á sì máa dín kù.

Nínú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ́ńsáìmù méjì ló ṣe pàtàkì jù: JNK àti IKK-beta. Ọ̀rá tó pọ̀ jù àti TNF-alpha ló ń jí wọn. Bí JNK bá jí, á yí purotéènì tó yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ ínsúlíìnì padà, iṣẹ́ náà kò sì ní dé ibi tí wọ́n rán an. IKK-beta ní tirẹ̀ á tú purotéènì NF-kappa B sílẹ̀, èyí tí yóò wọ inú gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì lọ, níbi tí jíìnì wà, tí á sì pàṣẹ kí wọ́n ṣe àrokò púpọ̀ sí i. Báyìí ni àìgbọràn sí ínsúlíìnì ṣe ń bí ìwúlé, tí ìwúlé sì ń bí àìgbọràn. Ibòmíràn tí wàhálà tún ti ń wá ni ìfun. Àwọn èérún ara bakitéríà máa ń yọ́ gba inú ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ sínú ẹ̀dọ̀, purotéènì TLR4 tó wà lára sẹ́ẹ̀lì á sì dá wọn mọ̀ bí ọ̀tá. Bákan náà, ọ̀rá tó ń ni sẹ́ẹ̀lì lára lè mú kí àwọn purotéènì NLRP3 kóra jọ, kí wọ́n sì tú àrokò ìwúlé IL-1 beta sílẹ̀.

Macrophage tó ń gbé inú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì Kupffer. Ní 1876 ni Karl von Kupffer ará Jámánì ṣàpèjúwe sẹ́ẹ̀lì onírìísí ìràwọ̀ nínú ẹ̀dọ̀, àmọ́ irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn ló rí ní tòótọ́. Kenjiro Wake ní Japan ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ní 1971. Sẹ́ẹ̀lì ìràwọ̀ náà ló ń tọ́jú fítámì A. Ṣùgbọ́n bí àrokò TGF-beta bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, á sì máa hun fọ́nrán àpá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀rí pé ìwúlé lọ́wọ́ nínú àtọ̀gbẹ ti pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó lóye rẹ̀. Ní 1876 yẹn kan náà, Wilhelm Ebstein ní Göttingen kọ̀wé pé sodium salicylate, ìbátan ásípírìn, ń dín ṣúgà inú ìtọ̀ aláìsàn kù. R. T. Williamson sọ ohun tó jọ ọ́ ní Manchester ní 1901. Ọ̀rọ̀ náà sùn títí di 2001, tí ikọ̀ Steven Shoelson ní Boston fi ṣàlàyé pé oògùn náà ń dí IKK-beta lọ́wọ́. Wọ́n dán salsalate, ìbátan rẹ̀ mìíràn, wò lára alátọ̀gbẹ. Ó rẹ ṣúgà sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé kólẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú sókè. Ní 2024, ìdánwò kan ní Boston fún àwọn 80 tó ní ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá ní ásípírìn kékeré tàbí oògùn òfìfo fún oṣù mẹ́fà, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ àwọn tó lo ásípírìn sì dín kù. Èèyàn 80 kéré púpọ̀ láti fi ṣòfin. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí máa gbé ásípírìn mì láìbéèrè, torí ó lè mú kí ikùn máa ṣẹ̀jẹ̀.

Àwọn oògùn tí wọ́n ṣe láti gé àrokò kan ṣoṣo ti já wa kulẹ̀. Selonsertib, tó ń dí ọ̀nà tó ń jí JNK, kò dín àpá kù lára àwọn aláìsàn tó lé ní 1,600. Ìròyìn yẹn jáde ní 2019. Cenicriviroc, tó ń dènà kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun wọ inú ẹ̀dọ̀, fún wa ní ìrètí díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó dá ìdánwò ńlá rẹ̀ dúró nígbà tí kò ṣiṣẹ́. Kò yà mí lẹ́nu: ọ̀nà pọ̀ jù, bí a bá dí ọ̀kan, àrokò á gba ibòmíràn. Àwọn tó yọrí ni àwọn tó lọ bá orísun. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí resmetirom, tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ jó ọ̀rá rẹ̀, ní oṣù kẹta 2024, ó sì fọwọ́ sí semaglutide, tí àwọn alátọ̀gbẹ ti mọ̀ tipẹ́, fún àrùn yìí ní oṣù kẹjọ 2025. Owó wọn kì í ṣe kékeré.

Ìdánwò tó wù mí jù wáyé ní Havana, ní Cuba. Ní 2015, Eduardo Vilar-Gomez àti ikọ̀ rẹ̀ ròyìn àwọn aláìsàn 293 tí wọ́n dín oúnjẹ kù tí wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn fún 200 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 52. Lára àwọn tó fọn tó ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn, mẹ́dọ̀wú ọlọ́ràá kúrò lára 90 nínú 100, àpá sì dín kù lára 45 nínú 100. Àmọ́ nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá péré ló lè fọn tó bẹ́ẹ̀.

Ní Èkó, ìwádìí kan tó jáde ní 2016 rí ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá lára 16.7 nínú 100 alátọ̀gbẹ, nígbà tó jẹ́ 1.2 péré lára àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ. Ó kéré sí ti àgbáyé, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàrin ìhà méjèèjì ló yẹ ká wò. Lọ́dọ̀ wa, mẹ́dọ̀wú B tí kòkòrò ń fà ṣì pọ̀, èyí sì lè pàdé ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá lára ẹnì kan ṣoṣo. Ọtí tí wọ́n fi ń rẹ àgbo náà kò sì ran ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní FIB-4 ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ mọ ẹni tí àpá ti lè wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ orí, ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ tó ń jẹ́ AST àti ALT, àti iye platelet inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí èsì bá wà lábẹ́ 1.3, ewu kéré. Bó bá ju 2.67 lọ, ó yẹ kí onímọ̀ ẹ̀dọ̀ rí onítọ̀hún. Fún ẹni tó ti lé ní ọdún 65, 2.0 ni wọ́n ń lò dípò 1.3. Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, bí ẹ bá tún lọ sí kílíníìkì, ẹ ní kí dókítà bá yín ṣírò rẹ̀. Èsì ẹ̀jẹ̀ tó máa lò lè ti wà nínú fáìlì yín.