Bí Iná Ṣe Wọ Àpò ní Òṣòdì: Páwà-Báǹkì àti Àwọn Tó Ṣáájú Rẹ̀

Páwà-báǹkì tí wọ́n ń pàtẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà Òṣòdì lónìí ni àbíkẹ́yìn nínú ọ̀wọ́ ohun èlò tí àwọn ará Èkó ti fi ń gbé iná rìn. Kí ó tó dé, bátìrì rédíò àti ti tọ́ọ̀ṣì ti wà, jẹnẹrétọ̀ kékeré ti wà, àwọn tó ń bá èèyàn ṣáájì fóònù lábẹ́ agboòrùn ti wà, bátìrì àfipààrọ̀ náà sì ti wà. Iná ìjọba tí kì í dúró pẹ́ ló bí gbogbo wọn. Òun náà ló kọ́ àwọn tó ń rà wọ́n ní ohun tó yẹ kí wọ́n máa wò kí wọ́n tó sanwó.

Ìkóríta ni Òṣòdì. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní ọdún 1896, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901, gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tó yá, òpópónà Agége, títì márosẹ̀ tó ti Àpápá wá àti èyí tó lọ sí Oworoǹṣókí pàdé níbẹ̀, ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed sì wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba Òṣòdì kọjá lójúmọ́ ni ilé wọn wà ní Ìkòtún, Agége, Ìkòròdú tàbí Ọ̀tà. Ìdájí ni wọ́n ń jáde nílé, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó padà. Ẹni tó ń gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ kò lè gbójú lé sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ nìkan, àní bí iná bá tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọdún 1896 yẹn náà ni ìjọba amúnisìn gbé ẹ̀rọ amúnáwá àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní Èkó. Òfin ọdún 1950 dá àjọ iná mànàmáná, ECN, sílẹ̀. Ìsédò Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ní 1972 wọ́n pa ECN pọ̀ mọ́ àjọ tó ń bójú tó àwọn ìsédò, wọ́n sì pè é ní NEPA. Ó di PHCN ní 2005. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba gbé iṣẹ́ pínpín iná fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, Ikeja Electric ni Òṣòdì sì bọ́ sí lọ́wọ́. Síbẹ̀, “Up NEPA!” náà ni àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo bí iná bá dé.

Bátìrì oníkókó ni iná àkọ́kọ́ tí mẹ̀kúnnù lè fi sápò. Láti 1935 ni rédíò onídè, Rediffusion, ti wà ní Èkó, ṣùgbọ́n ara ògiri ló ń gbé. Rédíò transistor tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló bá èèyàn jáde dé ṣọ́ọ̀bù àti oko, bátìrì ló sì ń jẹ. Tiger Head tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà gbajúmọ̀ gan-an nínú wọn. Bí ohùn rédíò bá ti ń rẹlẹ̀, wọ́n á yọ bátìrì náà, wọ́n á sá a sóòrùn; ooru á ru ohun tó wà nínú rẹ̀ sókè, á sì tún ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbọ́ ìròyìn ogun abẹ́lé láti inú irú rédíò bẹ́ẹ̀ mọ̀ dájú pé iná inú àpò níye lórí.

Fóònù ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo èèyàn. Ṣáájú rẹ̀, ìlà tẹlifóònù NITEL ní gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2001 ìjọba ta ìwé àṣẹ GSM ní mílíọ̀nù 285 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó ìpè wọ́n nígbà náà, ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n sì ń kà. Glo wọlé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Láàárín ọdún díẹ̀, alágbàṣe, alátẹ àti kọ́ńdọ́ ọkọ̀ ti ní fóònù tiwọn. Ibi tí wọn yóò ti ṣáájì rẹ̀ ló kù.

Àwọn tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn ló kọ́kọ́ rí àǹfààní náà. Wọ́n kan sọ́kẹ́ẹ̀tì púpọ̀ mọ́ pátákó kan, wọ́n so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré, oríṣiríṣi ṣájà sì rọ̀ sára rẹ̀: ti Nokia ẹnu ńlá àti ẹnu kékeré, ti Samsung, ti Motorola, ti Sagem. Tiger TG950 ni jẹnẹrétọ̀ tó wọ́pọ̀ jù. Bẹntiróòlù tí wọ́n po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ ló ń lò, ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń gbé e, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ ní “I better pass my neighbour”. Fún ìgbà pípẹ́, ₦50 ló tó láti fi ṣáájì fóònù kan. Oníṣòwò á lẹ bébà tó ní nọ́ḿbà mọ́ ẹ̀yìn fóònù, á fún oníbàárà ní ìkejì rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni lójú ẹni tó ń kọjá, ṣùgbọ́n òun ló mú kí GSM ṣiṣẹ́ fún àwọn tí ìlà iná kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ipa tí wọ́n kó sì tọ́ sí ìyìn ju èyí tí wọ́n ń rí gbà lọ.

Àléébù ṣíṣáájì lábẹ́ agboòrùn ni pé fóònù gbọ́dọ̀ dúró lórí tábìlì fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olóhun kò ní lè gba ìpè, ẹ̀rù olè sì ń bà á. Bátìrì àfipààrọ̀ ló yanjú èyí. Nokia 3310 tó jáde ní 2000 àti Nokia 1100 tó jáde ní 2003 ṣeé ṣí lẹ́yìn láìlo irinṣẹ́ kankan, bátìrì BL-5C tó wà nínú Nokia 1100 sì bá ọ̀pọ̀ Nokia mìíràn mu. Ṣájà kékeré tí wọ́n ń pè ní dẹ́sítọ́ọ̀pù máa ń di bátìrì nìkan mú, iná aláwọ̀ púpọ̀ á sì máa tàn lára rẹ̀. Oníbàárà á fi bátìrì sílẹ̀, á mú fóònù lọ.

Níbẹ̀ ni ayédèrú ti wọlé gan-an. Bátìrì tí wọ́n kọ orúkọ Nokia sí lára pọ̀ lórí àtẹ, àwọn mìíràn kì í sì í lò tó oṣù kan kí wọ́n tó wú. Ojúlówó pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà: ní oṣù kẹjọ ọdún 2007 Nokia kìlọ̀ fún gbogbo ayé nípa mílíọ̀nù 46 bátìrì BL-5C tí ilé-iṣẹ́ Matsushita ti Japan ṣe, nítorí pé wọ́n lè gbóná jù nígbà tí wọ́n bá ń ṣáájì. Láti ìgbà náà ni àwọn tó mọ ọjà ti ń tẹ ikùn bátìrì, tí wọ́n ń fi í yí lórí tábìlì. Èyí tó bá yí bí òkòtó ti wú, wọn kì í rà á.

Ohun méjì ló pa òwò bátìrì àfipààrọ̀. BlackBerry tó gba ìgboro Èkó ní nǹkan bí 2010 ń jẹ iná ju Nokia lọ, nítorí pé ìsọfúnni ń wọlé sínú rẹ̀ tọ̀sántòru. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fóònù aláfọwọ́tẹ̀ dé. iPhone ti 2007 ni wọ́n ti dé bátìrì rẹ̀ pa, nígbà tó sì di àárín àwọn ọdún 2010, Tecno, Infinix àti itel tí àwọn ará Òṣòdì ń rà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Bátìrì tí kò ṣeé yọ kò ṣeé pààrọ̀. Àfi kí wọ́n gbé iná mìíràn wá bá fóònù láti ìta, páwà-báǹkì sì ni iná náà.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí Sony kọ́kọ́ gbé sọ́jà ní 1991, tó sì mú kí John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Fóltì 3.7 ni bátìrì náà ń gbé jáde; pátákó kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń gbé e ga sí 5 kó tó kọjá sínú fóònù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, nígbà tí epo wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi kìlọ̀ pé òpó wọn lè kú, àtẹ páwà-báǹkì ti wọ́pọ̀ ní Èkó. Oraimo, tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Transsion tó ni Tecno, àti New Age ni orúkọ tí àwọn oníbàárà sábà máa ń béèrè.

Ọjà Òṣòdì fúnra rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá wó àwọn ìsọ̀ tó kún ojú títì. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, lábẹ́ Gómìnà Akínwùmí Aḿbọ̀dé, wọ́n wó ọjà Owónifáàrí, níbi tí àwọn ohun èlò oníná pọ̀ sí, wọ́n sì ní kí àwọn oníṣòwò lọ sí ọjà Ìsọ̀pákòdowó ní Bọ́ládé. Ibùdókọ̀ ńlá tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù kẹrin ọdún 2019 ló dìde sí àgbègbè náà. Àwọn kan rí ìsọ̀ gbà, àwọn kan kò rí, wọ́n sì di ẹni tó ń kiri nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Èyí kan ẹni tó ń ra páwà-báǹkì tààrà. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ oníkiri láti fèrèsé dáńfó kò ní rí i mọ́ bó bá bàjẹ́ lọ́la. Ẹni tó ní ìsọ̀ ni wọ́n lè padà lọ bá. Fún ohun tó lè gbaná, ìyàtọ̀ yẹn ju iye owó tí wọ́n dín lọ.

Nọ́ḿbà tí wọ́n kọ sára páwà-báǹkì ló ń tan èèyàn jù. 10,000 mAh tí wọ́n kọ jẹ́ ìwọ̀n bátìrì inú rẹ̀ ní fóltì 3.7, ìyẹn wáàtì-wákàtí 37 (37 Wh). Bí pátákó bá gbé e dé 5, tí apá kan sì bá ooru lọ, ohun tó ń dé ẹnu okùn ní fóltì 5 yẹn kì í ju nǹkan bí 6,000 mAh lọ. Àwọn olóòótọ́ máa ń kọ nọ́ḿbà kejì yìí sí ìsàlẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Nítorí náà, fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh ní fóltì 3.7 yóò kún lẹ́ẹ̀kan, yóò sì tún gbà díẹ̀ sí i tí kò ju ìdajì lọ. Kò lè kún lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí wọ́n kọ 50,000 sí, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ àtẹ́lẹwọ́, irọ́ ni. Irú bátìrì tí wọ́n ń pè ní 18650 tó bá tó ìwọ̀n yẹn yóò tó 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọn nǹkan bí gíráàmù 45, èyí tó túmọ̀ sí pé bátìrì nìkan yóò sún mọ́ kílò kan. Ṣùgbọ́n wíwúwo nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí pé àwọn ayédèrú kan wà tí wọ́n di irin tàbí yanrìn sí nínú. SON, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ìwọ̀n ọjà, ti gbé ètò SONCAP kalẹ̀ láti 2005 fún ọjà tó ń wọlé láti òkè òkun, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣì ń yọ́ wọlé.

Ohun tí ìwé àwọn òyìnbó kì í tẹnu mọ́, tí Òṣòdì sì ní láti tẹnu mọ́, ni bí páwà-báǹkì ṣe ń yára gba iná sínú. Níbi tí iná kì í kú, wọ́n lè kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì di ọjọ́ kejì. Níbi tí iná bá ti ń dé fún wákàtí mẹ́rin péré, èyí tó jẹ́ 20,000 mAh tó ń gba wáàtì 10 kò ní kún dé ìdajì, nítorí pé ó nílò bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Èyí tó ń gba wáàtì 18 tàbí 20 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Èyí tí wọ́n lẹ awo oòrùn kékeré mọ́ lẹ́yìn kò yanjú ọ̀rọ̀: awo tó tó àtẹ́lẹwọ́ kì í pèsè ju wáàtì kan tàbí méjì lọ, yóò sì gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú oòrùn líle kó tó kún, bẹ́ẹ̀ ooru náà ń ba bátìrì jẹ́.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní òfin tirẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ńlá tí ẹnu rẹ̀ kéré ni páwà-báǹkì tó tóbi, tí kò sì lè tú iná jáde ju wáàtì 10 lọ. Fóònù á mu nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní mu ún. Kọ̀ǹpútà púpọ̀ ń fẹ́ wáàtì 45 sí 65, láti ẹnu USB-C tó ní ìlànà Power Delivery, tí wọ́n máa ń kọ ní PD. Okùn rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ lè gbé e. 20,000 mAh, tó jẹ́ 74 Wh, á ṣáájì ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bóyá kó má tilẹ̀ kún tán.

Ọdún 2023 mú kí gbogbo èyí ká àwọn èèyàn lára sí i. Ní oṣù kejì, owó náírà bébà wọ́n, fóònù ni wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kú kò lówó lọ́wọ́ nìyẹn. Ní oṣù karùn-ún, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, iye bẹntiróòlù sì ju ìlọ́po méjì lọ. Owó ṣíṣáájì lábẹ́ agboòrùn lọ sókè pẹ̀lú rẹ̀. Náírà já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà, páwà-báǹkì fúnra rẹ̀ náà wọ́n, èyí sì mú kí àwọn kan máa ra èyí tí wọ́n fi bátìrì kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tò. Nígbà tí òpó iná gbogbo orílẹ̀-èdè dojú dé ní ọjọ́ 14, 15 àti 19 oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn tó ti san owó ìpele A fún iná wákàtí 20 lójúmọ́ náà wà nínú òkùnkùn.

Fún arìnrìn-àjò, Wh ni nọ́ḿbà tó ṣe kókó. Inú báàgì àfọwọ́fà nìkan ni páwà-báǹkì gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ òfurufú, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́. Èyí tí kò ju 100 Wh lọ, ìyẹn nǹkan bí 27,000 mAh, kò nílò àṣẹ. Láti 100 dé 160, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbà, kò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Èyí tó ju 160 lọ kò wọlé. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfurufú Air Busan jóná ní ilẹ̀ Kòríà ní oṣù kìíní ọdún 2025, tí wọ́n sì fura sí páwà-báǹkì, òfin náà le sí i. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, Anker pe páwà-báǹkì tó ju mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ 28 oṣù náà, ilẹ̀ Ṣáínà kò gba èyí tí kò ní 3C, àmì ìfọwọ́sí ààbò wọn, láyè nínú ọkọ̀ òfurufú abẹ́lé wọn mọ́, ọ̀rọ̀ tó kan àwọn oníṣòwò Èkó tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn níbẹ̀ láti kó ọjà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, Emirates, tó tún ti ń gbé èrò láti Èkó, ní kí ẹnikẹ́ni má lo páwà-báǹkì nínú ọkọ̀, kí wọ́n má sì gbé ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí wọn kò kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí lára, tàbí tí nọ́ḿbà rẹ̀ ti pa rẹ́, ni àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ lè gbà lọ́wọ́ arìnrìn-àjò.