Ẹjọ́ Tí Wọ́n Ti Dá Kí Ẹlẹ́rìí Tó Sọ̀rọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n kí ni ká wá pe ẹni tó gbọ́ tọ̀tún-tòsì, tó rí ẹ̀rí kedere, tó sì tún dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi? Ìbéèrè yìí ló ń jà lọ́kàn mi láti ìgbà tí kíláàsì wa ti ka To Kill a Mockingbird, ìwé ìtàn àròsọ tí Harper Lee, obìnrin òyìnbó ará Alabama ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1960.

Lọ́jọ́ tí a ka ìwé náà tán, olùkọ́ wa béèrè bóyá irú ìwà bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí lọ́dọ̀ wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Mo ní rárá o, pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà àti South Africa nìyẹn. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ìwọ tó ò ń gbé Ìfàkò? Lọ wádìí ẹni tí J. K. Coker jẹ́ kó o tó dá mi lóhùn.” Mo lọ wádìí. Àròkọ yìí ni ìdáhùn mi. Ìdí kejì tún wà tí ìwé náà fi wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ìyẹn di ìparí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn inú ìwé náà ní ṣókí. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Maycomb ni ó ti ṣẹlẹ̀, láàárín ọdún 1930 sí 1940. Ọmọbìnrin kékeré kan, Scout, ló ń ròyìn. Bàbá rẹ̀, Atticus Finch, jẹ́ lọ́yà. Wọ́n fẹ̀sùn kan Tom Robinson, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, pé ó fipá bá Mayella Ewell, ọmọbìnrin òyìnbó, lò, Atticus ló sì gba ẹjọ́ Tom rò. Ojú ọ̀tún Mayella ni ẹni tó lù ú ti ṣe é léṣe, èyí tó fi hàn pé ọwọ́ òsì ni onítọ̀hún ń lò jù. Bẹ́ẹ̀, apá òsì Tom ti rọ láti kékeré, nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya òwú gbá a mú. Bàbá Mayella gan-an ló ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Gbogbo ilé ẹjọ́ ló rí i. Síbẹ̀, àwọn ọkùnrin òyìnbó méjìlá tó jókòó láti dájọ́ ní Tom jẹ̀bi. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n yìnbọn pa á nígbà tó fẹ́ sá kúrò lẹ́wọ̀n.

Kókó pàtàkì inú ìwé náà nìyí, lójú tèmi: ẹ̀rí kì í ṣẹ́gun ìdájọ́ tí ènìyàn ti dá sínú ọkàn rẹ̀ kí ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀. Atticus sọ̀rọ̀ débi tí ọ̀rọ̀ dé, ṣùgbọ́n etí tó yẹ kó gbọ́ ti di. Orúkọ ìwé náà wá láti inú ọ̀rọ̀ nípa ẹyẹ kan tó jẹ́ pé orin ló ń kọ fún ọmọ aráyé, tí kì í ba irè oko jẹ́, tí ó sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti pa á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ ọ́ nínú ìdánwò pé Tom ni ẹyẹ náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa wá àwọn tó ṣe ju ẹyẹ lọ nínú ìwé náà, mo sì rí wọn ní orí kejìlá, nígbà tí Calpurnia, obìnrin dúdú tó ń ṣe oúnjẹ nílé Atticus, mú àwọn ọmọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Owó tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú kọ́kọ́ rí ni wọ́n fi ra ṣọ́ọ̀ṣì náà. Lọ́jọ́ náà, alùfáà wọn ti ilẹ̀kùn pa títí wọ́n fi dá dọ́là mẹ́wàá jọ fún ìyàwó Tom. Àwọn tí kóòtù kò kà sí ti ní ilé tiwọn, owó tiwọn àti ohùn tiwọn.

Ibí yìí ni ìtàn Maycomb ti pàdé ìtàn ilẹ̀ wa, torí pé nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni tiwa náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò ni Samuel Àjàyí Crowther. A bí i ní Òṣogùn ní nǹkan bí ọdún 1809. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ní 1822, ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣòwò ẹrú, wọ́n sì gbé e lọ sí Sierra Leone, níbi tó ti kàwé. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ó sì di aṣáájú láàárín àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Júùnù ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn nínú Ìjọ Áńgílíkà. Àwọn ọmọ Áfíríkà ni wọ́n bá a ṣiṣẹ́ ìwàásù lágbègbè odò Ọya.

Nígbà tó di 1890, tí bàbá náà ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́kùnrin òyìnbó kan tí ẹgbẹ́ CMS rán wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ ní Onitsha, ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá àwọn alùfáà rẹ̀ dúró, bíi pé òun kọ́ ni Bíṣọ́ọ̀bù. Kí n má ṣe purọ́, àwọn kan wà lóòótọ́ lára àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ìwà wọn kù díẹ̀ káàtó. Àmọ́ a kì í torí iṣu kan tó jẹrà da gbogbo ebè nù. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà fà yọ ni pé ènìyàn dúdú kò tíì tó ẹni tí í ṣe olórí. Crowther kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fi ọmọ Áfíríkà méjì, Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips, ṣe igbákejì. Iṣẹ́ tí Crowther fi ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe dà bí apá Tom Robinson: ẹ̀rí tó hàn sí gbogbo ayé, tí àwọn tó ń dájọ́ kò kà sí.

Ẹni kejì ni James Johnson, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Johnson Mímọ́. Alùfáà ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's, Breadfruit, l'Ékòó ni. Kò bẹ̀rù òyìnbó, ó sì máa ń sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé Áfíríkà ló yẹ kó máa darí ìjọ Áfíríkà. Ní 1900, wọ́n fi í ṣe igbákejì Bíṣọ́ọ̀bù. Ní 1901, Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell yọ ọ́ kúrò ní Breadfruit, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ìjọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn. Owó àpò wọn ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ìjọ náà, síbẹ̀ wọn kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa wàásù fún wọn.

Nígbà náà ni ẹni kẹta, Jacob Kẹ́hìndé Coker, jáde. Òun àti ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ìjọ kúrò ní Breadfruit lọ́dún náà, wọ́n sì dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí Bethel tó wà ní Broad Street jẹ́ tirẹ̀ títí dòní. Wọn kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, àwọn kan ti kúrò nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi àwọn òyìnbó ní 1888, àwọn mìíràn sì ti dá United Native African Church sílẹ̀ ní 1891. Àmọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Johnson, tí wọ́n torí rẹ̀ kúrò, kò bá wọn lọ. Inú ìjọ CMS ló wà títí ó fi kú ní 1917. Ó gbà pé inú ilé ni a ti ń tún ilé ṣe. Ọ̀rọ̀ ìyàwó púpọ̀ tún wà níbẹ̀: Ìjọ Áfíríkà gba olóbìnrin púpọ̀ mọ́ra, Johnson kò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìkan ló dá wọn yà. Mi ò lè sọ pé ọ̀kan ṣe é re, èkejì kò ṣe é re. Èmi rí i pé ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lè dúró jà nínú ilé, ó sì lè jáde lọ kọ́ tirẹ̀. Àwọn méjèèjì yàtọ̀ sí ẹyẹ tó ń dúró de àánú.

Ibo ni Agége wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Inú ilẹ̀ Agége ni owó ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1880, J. P. L. Davies, oníṣòwò ará Èkó, ti gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjàn, nítòsí Agége. Coker náà dá oko kòkó ńlá sí Ìfàkò. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901, gba àárín Agége kọjá, kòkó àti obì sì ń bá a lọ sí èbúté. Ní 1907, àwọn àgbẹ̀ náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Coker sì ni olórí. Àwọn tó wá ṣe lébìrà lóko Agége máa ń kó irúgbìn kòkó lọ sílé, oníwàásù Ìjọ Áfíríkà náà sì ń gbé Bíbélì àti kòkó rìn pọ̀. Mo ti ń gba Ìfàkò kọjá lọ sílé-ìwé láti ìgbà tí mo ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ilé, ṣọ́ọ̀bù àti kẹ̀kẹ́ Márúwá nìkan ni mò ń rí. Mi ò mọ̀ pé orí ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti fi kòkó dáhùn ìwọ̀sí ni mò ń tẹ̀.

Ìwọ̀sí náà kò tán lọ́jọ́ yẹn. Ní 1947, Ivor Cummings, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Sierra Leone, tó sì ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní London, fẹ́ wọ̀ sí Bristol Hotel l'Ékòó. Nígbà tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọn kò fún un ní yàrá. Àwọn ará Èkó yarí, ìwé ìròyìn pariwo, Gómìnà Arthur Richards sì pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin níbi tí gbogbo ènìyàn ń lò. Níbẹ̀ náà, ohùn àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ ló ṣiṣẹ́.

Ó wá ku ìdí kejì tí mo ṣèlérí. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni Yorùbá ń pe irú ìwà yìí, ì báà jẹ́ ti àwọ̀, ì báà jẹ́ ti ẹ̀yà. Lọ́dún tó kọjá, owó tí kíláàsì wa dá fún ayẹyẹ sọnù. Èmi ni akápò. Kò sẹ́ni tó rí olè, ṣùgbọ́n gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan tó jẹ́ Haúsá. Agége ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Yorùbá jù mí lọ. Ó ní òun wà ní láíbìrì lákòókò náà, pé kí a lọ wo ìwé tí òun fọwọ́ sí. Kò sí ẹni tó lọ wò ó nínú wa. Èmi gan-an ni mo da ohun tó wà nínú báàgì rẹ̀ sílẹ̀, tí bíró, búrẹ́dì àti ìbòrí rẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo rí owó náà nínú ìwé ìṣirò mi. Inú gbogbo wa dùn pé a rí owó. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo ka ibi tí Tom ti dìde ní kóòtù, tí gbogbo ènìyàn rí apá rẹ̀, ìwé láíbìrì yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ti rò pé ọ̀dọ̀ Scout ni èmi jókòó sí nínú ìtàn náà. Àárín àwọn méjìlá ni mo wà.

Ní oṣù Júùnù ọdún 2014, nígbà tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, tọrọ àforíjì ní gbangba fún ohun tí ìjọ ṣe fún un. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Crowther ti lo ọdún méjìlélọ́gọ́fà nínú ibojì kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí tèmi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àròkọ yìí, mo lọ bá ọmọbìnrin náà lójú gbogbo kíláàsì, torí ojú gbogbo kíláàsì ni mo ti da báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, mi ò sì béèrè.

Ìdáhùn mi sí olùkọ́ wa rèé: bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ṣe é fún wa ní Onitsha àti ní Breadfruit, a sì mọ bí ó ṣe dun àwọn bàbá wa tó. Ó yẹ kí ẹni tó mọ bí ó ṣe ń dunni lọ wo ìwé láíbìrì kó tó da báàgì ẹlòmíràn sílẹ̀.