Ọ̀wọ́n Epo: Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Méjì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ìtumọ̀ méjì ni ‘wọ́n’ ní: ohun tí a kò rí rà wọ́n, ohun tí owó rẹ̀ ga náà wọ́n. Lọ́jọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í fa epo nínú táǹkì, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kó èrò àti kẹ́ẹ̀gì lọ sílé epo. Àwọn kan sì ti ilé epo wọn pa. Epo wọ́n. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, lítà kan kúrò ní nǹkan bí náírà 190, ó di nǹkan bí 500. Èrò tú ká. Iye náà kò padà. Àgbẹ̀ Àgọ́-Àmọ́dù tí kò kó epo kankan pamọ́ ń san án nínú owó ọkọ̀ tó ń gbé iṣu rẹ̀ lọ sọ́jà.